Yanrìn Tí Mo Dà Sídìí Ògiri Nítorí Ṣàkírát

Ìgàndò, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Fawas Àkànní, ọmọ mi,

Kóòṣì Jàfárù ló sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Ó di fèrè ọrùn rẹ̀ mú, ó gbójú sókè, ó ní kò sí ọmọ ènìyàn tó wúwo láyé yìí, ìbẹ̀rù ló wúwo. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹ̀kọ́ òun yóò fò débi pé ilẹ̀ yóò máa wá a kiri bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa ṣe àmín. Alàgbà Akínbọ́lá, alága wa, béèrè bóyá ọ̀rọ̀ yẹn kan ẹni tí orúnkún ń dùn, Jàfárù ní ó kan gbogbo ayé. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí n tó kí ọ, kí o lè mọ irú ọwọ́ tí Ṣàkírát ọmọ rẹ wà.

Ó wá tó àsìkò ìkíni báyìí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ń kọ́? Iṣẹ́ ń kọ́? Ọlọ́hun yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò sì ṣọ́ àbọ̀ rẹ, afárá gígùn tí o ń gbà kọjá lórí omi lójoojúmọ́ yẹn kò ní sọ ọ́ di àlejò ìsàlẹ̀ omi. Àwa náà wà ní abúlé níbí, ara wa le. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ kí n máa pe Ìgàndò ní abúlé mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ gbé mi wá síbí, ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń kí wa káàárọ̀, ẹnu mi kò sì tíì mọ̀ pé ìlú ti dé. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé bí mo bá pè ọ́, wàá ní, Màmá, mò ń pè yín padà, ìpè náà kò sì tíì dé láti ìgbà àgbàdo tuntun, bóyá súnkẹrẹ fàkẹrẹ ló dá a dúró.

Adìyẹ tí o mú wá nígbà iléyá ti yé, ó sì ti pa ọmọ. Hàbíbátù onípíoèsì ti fẹ́ ọkọ. Gọ́tà iwájú ilé ti dí, wọ́n ti wá wò ó, wọ́n ní ó dí lóòótọ́, wọ́n sì lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ṣàkírát ló jẹ́ kí n mú bírò. Ìwọ náà lo sọ fún ọmọ yìí lórí fóònù, mo wà níbẹ̀, o ní bí kò bá lè fò kó fọwọ́ kan ìlà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọ̀nà Abúlé Ẹ̀gbá yẹn fà sára ògiri wọn, kó gbàgbé bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, kó di ẹrù rẹ̀ wá sí Èkó, kó wá kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó rẹ. O ní kúkúrú ni, pé àwọn tó ń ṣeré yẹn dà bí òpó iná. Ọmọ náà gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń fò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀.

Jàfárù ní òun yóò kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, mò ń ka tẹ̀sùbáà mi, ni Ṣàkírát bá dúró níwájú mi, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi ká, ó tún dìde. Mo ní, o káre, wàá dàgbà. Ó tún sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, wàá gbó, wàá tọ́. Ó tún sọ̀ kalẹ̀. Àbí ta ni ọmọ yóò kúnlẹ̀ kí tí kò ní dáhùn? Mo ṣàdúrà ọkọ rere, mo ṣàdúrà ọmọ, mo ṣàdúrà ilé, mo dé orí àdúrà mọ́tò, àdúrà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu mi, ọmọ kò tíì kí mi tán. Mo bá ké sí Susanna, ìyá oníṣọ́ọ̀ṣì tó háyà yàrá iwájú, mo ní kó sáré wá ràn mí lọ́wọ́, kó mú ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì wá. Jàfárù ní, ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ìkíni kọ́ o, itan ló ń fi kọ́ lágbára. Mo ní kí ló wá burú nínú kí itan lágbára kí àdúrà sì gbà? Ó ní kò sí nǹkan tó burú. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń dáhùn láàárọ̀, Susanna ń dáhùn nírọ̀lẹ́, ẹnu àwa méjèèjì sì ń dá ṣáṣá.

Jàfárù tún ní tó bá ti fò, kó máa balẹ̀ bí ológbò, kí a má gbọ́ gìrì ẹsẹ̀ rẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ ọ́ lára jù, ó ti já mi láyà ní ìdí ìkòkò ọbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní ọjọ́ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fò rárá, pé ọjọ́ ìsinmi ni ẹsẹ̀ máa ń le sí i. Mi ò bá a jiyàn. Ọjọ́ ìsinmi yẹn ni mo kó gbogbo abọ́ ilé fún un fọ̀, nítorí ọwọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀.

Fawas, ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́ nípa fóònù yín. Jàfárù ya Ṣàkírát ní fídíò nígbà tó ń fò, ó ní kí n wá wò ó. Mo rí ọmọ mi tó gbéra nílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, irun rẹ̀ ń gbéra lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró lókè. Ó dúró, Fawas. Mo ka Kúlúwàlláhù, mo parí rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kò tíì balẹ̀. Mo wo ẹ̀yìnkùlé, mo rí i tó jókòó, tó ń jẹ gúgúrú; mo wo fóònù, ó ṣì wà lókè. Mo ké pe Jàfárù. Jàfárù ní òun ló dín eré fídíò náà kù. Ó dáa, ṣùgbọ́n mo bi í pé bí fóònù bá lè gbé ọmọ dúró lókè tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn ará Abúlé Ẹ̀gbá kò kúkú ṣe ìdánwò wọn nínú fóònù? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá ẹ ò níí pa mí. Ìwọ ni mo wá ń bi báyìí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ògiri. Jàfárù lọ wọn gíga ìlà àwọn ará Abúlé Ẹ̀gbá, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa irú rẹ̀ sára ògiri ẹ̀yìnkùlé wa. Ṣàkírát fò, ó ku ìka mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ku ìka mẹ́rin. Ìdánwò ń bọ̀, ọmọ kò jẹun dáadáa mọ́. Mo bi Jàfárù pé ta ló fa ìlà yẹn. Ó ní òun ni. Mo ní ìwọ lo fà á, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lápò rẹ, o sì ń wo ọmọ ọlọ́mọ tó ń wàhálà. Sọ ìlà náà kalẹ̀ jàre. Ó fa ara rẹ̀ ga, ó ní ìlà kì í sọ̀ kalẹ̀, ènìyàn ló ń gòkè. Ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ṣùgbọ́n o mọ bí a ṣe máa ń ṣe nílé yìí. Bí omi bá ń wọlé, a kì í bá omi jà, yanrìn la máa ń dà. Bàbá rẹ da yanrìn sí agboolé yìí títí fèrèsé ilé àtijọ́ fi di ẹnu ọ̀nà ewúrẹ́. Ibi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀, ṣebí ilẹ̀ là ń gbé sókè? Mo ránṣẹ́ sí Sódìq, ọmọ àbúrò bàbá rẹ tó ń wa típà, mo ní kó da yanrìn sídìí ògiri yẹn fún mi, kó ju ìka mẹ́rin lọ díẹ̀. Ó dà á, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Mo pe Ṣàkírát, mo ní ó yá, gòkè lọ kan ìlà rẹ, kí a rí oúnjẹ jẹ.

Yéè! Ọmọ fò, yanrìn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì. Èyí tó ku ìka mẹ́rin tẹ́lẹ̀ wá ku odindi àtẹ́lẹwọ́. Ó tún fò, bákan náà. Ó jókòó sórí yanrìn, ó wojú mi, ó ní, Màmá àgbà, àṣé ẹ̀yin náà wà lẹ́yìn bàbá mi, ẹ fẹ́ kí n máa lọ. Fawas, mi ò lè sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí mi. Lọ́jọ́ kejì, mo mú ṣọ́bìrì fúnra mi pé kí n kó yanrìn náà kúrò, ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ lé e, ó sì ti wúwo ju èmi tí mò ń kó o lọ.

Ibẹ̀ ni Jàfárù bá mi. Ó béèrè pé ta ló da yanrìn síbí, mo ní èmi ni, mo ti múra kó bá mi wí. Kò bá mi wí. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fò lórí rẹ̀, ó tún fò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé ẹsẹ̀ tó bá ti mọ yanrìn yóò ka ilẹ̀ líle sí eré. Ó ní kí Ṣàkírát má wo ìlà mọ́, kó máa fò lórí yanrìn ṣá, kó máa fò, kó máa sinmi. Ó tilẹ̀ kó àwọn ọmọ mìíràn wá. Ẹ̀yìnkùlé mi di pápá, adìyẹ mi sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí yàrá Susanna.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo ní èmi náà ń lọ. A gba ibùdókọ̀ Command kọjá, a dé pápá náà, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ga lóòótọ́, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ọ̀kan wo Ṣàkírát láti òkè, ó ní, ẹ wo ìkòkò Ìgàndò, ṣé omi lo wá pọn ni? Ìkejì ní kí wọ́n gbé àpótí wá fún un. Ọmọ rẹ ní kí wọ́n gbé àpótí náà wá o, kí àwọn ọmọ gíga náà lè rí ibi jókòó sunkún. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo fà á létí díẹ̀, pé kó má bú ẹnikẹ́ni kó tó fò.

Nígbà tó kàn án, mo di ojú mi, mo tún là á, nítorí mo ronú pé bí ó bá bọ́ sí i, kí n má jẹ́ ẹni tí kò rí i. Ó rìn síwájú, ó ká orúnkún bí ìgbà tó ń kí mi, mo sì gbàgbé ara mi, mo pariwo pé wàá dàgbà! Gbogbo pápá bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀ líle yẹn tì í sókè, Fawas, ọwọ́ rẹ̀ kọjá ìlà, kò kan ìlà rárá, ibi tó fọwọ́ gbá wà lókè ìlà. Ọ̀gá tó ń ṣàkọsílẹ̀ ní òun kò rí i, fóònù òun lòun ń wò. Ṣàkírát ní kò burú, ó padà sẹ́yìn, ó tún fò, ó gbá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì balẹ̀ tí a kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó pè é ní ìkòkò ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ti mú un, Fawas. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni yóò máa lọ, yóò sì máa sùn nílé. Ìwọ lo ní bí kò bá kàn án, kó máa bọ̀. Ó ti kàn án. Má jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Jàfárù ti sọ fún ẹgbẹ́ onílé pé ìlànà yanrìn ni òun fi ṣe é, pé òun ti ronú sí i fún ọdún púpọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Alàgbà Akínbọ́lá béèrè pé yanrìn ta ni. Jàfárù ní yanrìn ni yanrìn. Mi ò bá a du ú. Ẹni tó bá ni yanrìn, kó wá máa gbálẹ̀ rẹ̀ ní yàrá mi.

Fi owó bàtà Ṣàkírát ránṣẹ́, èyí tó ń wọ̀ ti ń yanu. Má fi sí báńkì o. Ìgbà tí mo lọ gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ kẹ́yìn, ó bi mí bóyá mo tún fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn, ojú sì tì mí, mo ní rárá, ẹ ṣeun, kó má baà rò pé olójúkòkòrò ni mí. Ọwọ́ Hàbíbátù ni kó gbà wá. Fi tèmi náà sí i, fún orógbó àti ọṣẹ. Sódìq ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, fún un lóúnjẹ.

Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí o jẹun ọmọ. Ohun tí o ń lé kò ní sá fún ọ, ohun tó ń lé ọ kò ní bá ọ. Ayọ̀ ni a ó máa gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, Nímọ́tà.

Mo fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni mo gbọ́ fèrè ní ẹ̀yìnkùlé. Mo yọjú. Jàfárù ti fa ìlà mìíràn lókè ti àkọ́kọ́, Ṣàkírát sì dúró sídìí ògiri, ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo òkè ògiri náà, ibẹ̀ ṣì pọ̀. Fawas, ta ló máa sọ fún wọn pé ó tó?