Tẹ̀tẹ̀ Màmá Nínú Ọgbà Òdòdó

27 Pecan Bend,
Katy, lẹ́bàá Houston,
Texas.
Ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, 1984.

Túnbọ̀sún àbúrò mi,

Ara ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ikọ́ Láyíwọlá ti lọ? Bàbá Dàpọ̀ àti àwọn ọmọ wà dáadáa. Èmi nìkan ló rẹ̀. Agogo márùn-ún àárọ̀ ni mò ń bọ́ sórí freeway, títì márosẹ̀ wọn níbí, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí n tó wọlé.

Màmá ń padà bọ̀ wálé. Mo mọ̀ pé oṣù mẹ́fà la jọ sọ, kò sì tíì lo méjì lọ́dọ̀ wa níbí. Èmi ni mo fà á. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ìgbà ìwọ́wé dé, gbogbo àdúgbò ń gbin òdòdó síwájú ilé. Èmi náà ya tèmi sórí ìwé, bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé ìṣòwò pé ètò ló ń ṣáájú iṣẹ́: òdòdó yẹ́lò gíga lẹ́yìn, kábéèjì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà lásán níwájú rẹ̀, kí funfun kéékèèké yí wọn ká. Mo gbìn wọ́n tán, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n wo ibẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní Sátidé ọjọ́ kẹtàlá, Màmá bá Bàbá Dàpọ̀ lọ gbá ṣọ́ọ̀ṣì, èmi bọ́ sínú ọgbà. Mo bá tẹ̀tẹ̀ pupa láàárín yẹ́lò, ó ti ga dé orúnkún. Mo rò pé ó kàn hù ni. Kò sí lórí ìwé mi, mo fà á tu, ọkọ̀ akólẹ̀ gbé e lọ.

Àṣé Màmá ló gbìn ín. Láti ilé ló ti di irúgbìn rẹ̀ sétí ìró wá. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ku ọjọ́ mẹ́jọ, o sì mọ̀ pé Màmá kì í gbé ohun tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn lọ síbi ìkórè. Mo ní kí n lọ ra ẹ̀fọ́ wá.

“Wùmí, ọjà nìyẹn, kì í ṣe ìkórè. Kábéèjì tí ẹnìkan ò lè jẹ lò ń bomi rin, tẹ̀tẹ̀ tó ń bọ́ni lo fà tu. O ṣeun, ọ̀mọ̀wé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín.

Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n pe àwọn ìyá síwájú pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ wọn. Màmá jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ní Mọ́ńdè, ó ní kí Bàbá Dàpọ̀ bá òun yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì padà. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti dárí jì mí, kò sí ìjà.

“Ẹ lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ lọ síléèwé, ó ku èmi àti fèrèsé. Tẹ̀tẹ̀ yẹn ni mò ń jí fún.”

Lánàá ni Evelyn, ìyá òyìnbó òdìkejì wa, tún bi mí pé ewé pupa yẹn dà, pé pupa yẹn pẹ̀lú yẹ́lò ló dára jù ní gbogbo títì wa. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èmi kì í sì í fẹ̀sọ̀ mú nǹkan, ìwọ náà mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Kọkànlá, ni yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkẹjà. Tètè débẹ̀, má wá sọ fún mi pé mọ́tò bàjẹ́. Kí ó tó dé, ro ẹ̀yìnkùlé, kí o sì kọ ebè sí i dáadáa. Má gbin nǹkan kan síbẹ̀. Fi í sílẹ̀ fún un.

Bá mi kí ìyàwó, kí o sì fọwọ́ pa Láyíwọlá lórí fún mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó rẹ̀ yìí ni,
Wùmí.