Mi Ò Ta Ọta fún Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́.

Ẹ gbọ́ ná! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá wá ra ọta ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tajà. Mo gba láísẹ́ńsì ìbọn wọn wò, àfi bí mo ṣe rí i pé àná ló ẹ́sípáyà!

"Èmi tí mo bí ẹ?"

"Bàbá, tí mo bá tà á, irọ́ ni mo máa kọ sí rẹ́jísítà tá a ń kọ nọ́ńbà láísẹ́ńsì sí."

Wọ́n fìbínú jáde.

Lónìí ni wọ́n mú láísẹ́ńsì tuntun dé. Bí mo ṣe ń kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n kọjú sáwọn oníbàárà: "Ẹ yáa mú ìwé yín jáde. Ọmọ mi nìyẹn, kò wojú èmi bàbá ẹ̀ pàápàá!"

Inú mi dùn débi pé mo ṣi nọ́ńbà kọ. Bàbá ló rí i!

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá wá ra ọta, ẹ mú láísẹ́ńsì dání o. Mi ò mọ ẹ̀gbọ́n níbẹ̀.

Àbúrò yín