Ògiri tí Mo Ní Kí Wọ́n Wó Nínú Kọ̀ǹpútà Àbáyọ̀mí

Abúlé Ìdí-Ọsàn,
Lọ́nà Ṣágámù.
Ọjọ́bọ̀.

Dọlápọ̀ Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Bàrígà níbẹ̀, ṣé omi òjò ò tún wọ yàrá yín, ṣé ọ̀gá yín ní ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú ò tíì ṣíwọ́ ariwo? Títì Fádèyí tí o ń sọdá lójoojúmọ́ kò ní í mọ orúkọ rẹ. Ó ti mú ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, kò ní í mú ìkejì nínú ilé mi. Ṣe àmín, kó o ṣe é sókè.

Èmi náà wà, ìyá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ ká sùn. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Àyúbà àbúrò mi ní kí n kí ọ. Mo mọ̀ pé o ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin láti àná, mo rí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo gbé e tí mo ń pariwo pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, irọ́ ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, èmi ni mi ò dára. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí fóònù ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo fi rán Ọládiméjì awakọ̀ sí ọ.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà Àbáyọ̀mí ẹ̀gbọ́n rẹ ni. O mọ fídíò tó ṣe sínú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Igbóbì lẹ́yìn tí mọ́tò gbá a, nígbà tí oyún Níní ìyàwó rẹ̀ wà ní oṣù mẹ́fà, tó ń bá ọmọ inú sọ̀rọ̀. Ẹwàolúwa ti di ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí, kò gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ rí. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni Níní ń mú un bọ̀ wá gbọ́ ọ. Ó ní ọmọ náà ti sọ fún gbogbo kíláàsì wọn pé òun ń lọ kí dádì òun.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà kọ̀ tí kò tan mọ́, ìwọ lo ní kí n gbé e lọ fún Awwal tó ń tún wọn ṣe ní Ṣágámù. O ṣàlàyé fún mi pé inú rẹ̀ pín sí méjì. Ibì kan ń jẹ́ C, ibẹ̀ ni Wíńdóòsì tó ń darí rẹ̀ ń gbé, ibì kejì ń jẹ́ D, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ kó nǹkan rẹ̀ sí. O ní kí wọ́n nu C, kí wọ́n gbé Wíńdóòsì tuntun síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan D. Mo gbọ́ ọ, mo sì tún un sọ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yé mi, àbí kí ló tún wà níbẹ̀, yàrá méjì tí ògiri wà láàárín ni. Ta ni yóò kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ògiri, èmi tí mo fi ogójì ọdún ṣe bíríkìlà?

Awwal wò ó títí, ó ní C ti kéré jù. Ó ní ẹni tó pín in lákọ̀ọ́kọ́ ò pín in dáadáa, Wíńdóòsì tòde òní sì sanra, kò lè wọ ibẹ̀, D ló gba gbogbo ilẹ̀ mọ́ra. Ó ní kí la máa ṣe báyìí. Dọlápọ̀, èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní kó wó ògiri àárín, kó sọ gbogbo ẹ̀ di pálọ̀ kan.

Jọ̀ọ́, gbọ́ mi ná kó o tó bínú. O rántí ògiri tí èmi àti Àyúbà mọ sáàárín ilé bàbá wa nígbà tí ìjà ogún dé. Ọdún mọ́kànlá ló fi dúró níbẹ̀, tí èmi àti ọmọ ìyá mi ò jọ jẹun. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ dé láti Igbóbì, Àyúbà fúnra rẹ̀ ló gbé òòlù tó wó o, kí àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn lè ríbi jókòó. Nígbà tí ògiri wó, kò sí nǹkan tó sọnù nínú yàrá mi. Bẹ́ẹ̀dì mi wà níbi tó wà, fọ́tò ìyá mi ò jábọ́, ààyè kàn pọ̀ sí i ni. Ohun tí mo mọ̀ nípa ògiri wíwó nìyẹn. Mo rò pé Àbáyọ̀mí náà yóò wà níbi tó wà, yóò kàn ráàyè na ẹsẹ̀ ni.

Awwal ò jẹ̀bi o, má lọ bá a jà. Ó bi mí bóyá nǹkan wà nínú D, mo ní ọmọ mi wà níbẹ̀. Ó ní ṣé a ti kó o pamọ́ síbòmíràn, mo ní níbo ló fẹ́ kó lọ. Ó ní Bàbá, ẹ jẹ́ ká pe Àǹtí Dọlápọ̀. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi. Mo ní kí wọ́n tó bí bàbá tó bí i ni mo ti ń wó ògiri, kí ni ọmọ tí mo bí fẹ́ sọ fún mi. Bẹ́ẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ògiri wó.

Kọ̀ǹpútà tan, ó mọ́ tónítóní, Awwal ní ààyè rẹpẹtẹ ló wà níbẹ̀ báyìí. Inú mi dùn, àṣé orí mi ti dàrú. Gbogbo ilé tí mo kọ́ láyé mi, ọjọ́ tí mo bá kó kọ́kọ́rọ́ fún onílé ni mo máa ń ní kó gbé ẹrù wọlé, kó sì sùn síbẹ̀, kí nǹkan mìíràn má bàa gba ibẹ̀ ṣe ilé. Ni mo bá ní kí Awwal kó nǹkan kún un. Ó kó fíìmù sí i, ó kó ìwàásù, ó kó bọ́ọ̀lù, títí ó fi kù díẹ̀ kó kún. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ àná, mo jókòó láti wo ọmọ mi bí mo ṣe máa ń wò ó. Mo tẹ ibí, àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo tẹ ọ̀hún, pásítọ̀ kan ń pariwo. Ìyá rẹ gbé awò ojú rẹ̀ wá, òun náà ò rí i. Mo padà sí Ṣágámù, Awwal ò lè wo ojú mi. Ó ní bí a ṣe wó ààlà yẹn ni gbogbo ohun tó wà nínú D pa rẹ́. Ó ní síbẹ̀, tó bá jẹ́ pé a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà ní Èkó tí wọn ì bá hú u jáde, bóyá ní Pedro nítòsí rẹ pàápàá, àmọ́ a ti kó nǹkan lé e lórí. Ìyẹn ò ṣòro fún mi láti mọ̀. Mo ti da kọnkéré lé nǹkan lórí rí.

O bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n jẹ́ kó o fi fídíò náà sórí fóònù rẹ, mo kọ̀, mo ní ojú àìsàn ọmọ mi kọ́ ni wọ́n máa máa gbé kiri Bàrígà. Èmi náà ni. Kò sẹ́lòmíràn. Ìyá rẹ ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná, n kò sì lè sọ pé kó sọ̀rọ̀.

Owó tí mo máa ń tọrọ, mi ò tọrọ rẹ̀ lónìí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o bá mi tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ sórí páálí dáadáa, èyí tó ń dán, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kó o sì gbé e wá fúnra rẹ kí Ọjọ́ Àìkú tó dé. Àràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n sórí. Ọlọ́run yóò fún ọ lọ́mọ tí yóò gbọ́ ohùn rẹ títí yóò fi sú u. Ìwọ ni wàá sin mí, n kò ní í sin ọ́.

Ohun tó sọ nìyí: Ọmọ mi, èmi ni bàbá rẹ. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó o bá jọ mí, má bínú o, orí mi tóbi. Gbọ́ ti ìyá rẹ. Ó wù mí kí n rí ọ gan-an ni.

Lẹ́yìn tó sọ pé orí òun tóbi, ó rẹ́rìn-ín. Ó wúkọ́, ó tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú láti kọ ẹ̀rín náà sílẹ̀, gbogbo èyí tí mo kọ, tèmi ló jọ. Ìwọ tí o bá a dàgbà, bá mi kọ ọ́ síbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.