Oríkì Tí Fíìmù Mi Kò Ní

                                        Ilé Kẹsàn-án, C Close,
                                        22 Road, Festac Town,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Gbémi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Òtútù Jọ́ọ̀sì ńkọ́, ṣé kò yọ ẹsẹ̀ Mọ́mì rẹ lẹ́nu mọ́? Mo mọ̀ pé o ti ń bínú pé o kò gbúròó mi láti ọdún tó kọjá tí Bàbá mi ti kú. Má bínú. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ẹkún ni n óò máa sun, o kò ní í gbọ́ ohun tí mo ń sọ.

Fíìmù náà ti jáde. Ìwé aláwòrán tí mo fi ọdún mẹ́rin yà nípa ìgbà èwe mi ti di kátúùnù. Ilé wa wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Trade Fair wà níbẹ̀. Ìwọ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú eyín iwájú rẹ méjèèjì tó ti ká. Má bú mi.

O rántí pé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Bàbá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní wa, wọn yóò sì máa kì mí títí n óò fi lajú. Oríkì ìdílé wa wà lẹ́nu àwọn ará Ìsẹ́yìn. Èyí tí Bàbá fúnra wọn hun fún mi ni mò ń sọ, nípa bí ìrọbí ṣe mú Màámi ní Mile 2 nínú òjò. Nínú ìwé, ẹnu wọn nìkan ni mo yà, n kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, torí n kò mọ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo rò pé ọjọ́ tí mo bá nílò ìyókù, n óò bi wọ́n. Ṣebí wọn ò lọ síbì kankan.

Nígbà tí Ernest, ọ̀gá tó ń darí fíìmù, ń wá ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ Bàbá, Bàbá ní àwọn fúnra àwọn ni. "Hidaayah, èmi tí mo wà láyé, ta ni yóò tún máa fi ẹnu mi sọ̀rọ̀?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí òṣèré ṣe é. Gbémi, mo ń tijú ohùn ará Ìsẹ́yìn tó wà lẹ́nu wọn ni.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, wọ́n gẹrun, wọ́n wọ jàlàbíà funfun, wọ́n wá jókòó sẹ́nu géètì sítúdíò tí a ti ń gba ohùn fíìmù sílẹ̀ ní Àmùwò. Mo jáde sí wọn, mo ní ọwọ́ wa dí, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n ní kò burú. Wọ́n gbé ọsàn tí wọ́n rà fún wa lé mi lọ́wọ́, wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé wọn ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò dìde mọ́.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo tú gbogbo fóònù mi, bóyá n óò rí oríkì náà. Ohùn wọn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n "ṣé o ti jẹun?" àti "ṣé wọ́n mú iná wá?" ni gbogbo rẹ̀. Mo bi Màámi, ọmọ Ẹ̀gùn Badagry ni wọ́n, wọ́n ní àwọn rò pé èmi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán Sátidé tó kọjá la wo fíìmù náà. Nígbà tó kan ibi oríkì, Bàbá inú fíìmù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó la ẹnu, dùùrù nìkan là ń gbọ́. Àwọn èèyàn ń nu ojú. Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn náà, ó ní ọgbọ́n ńlá ni bí mo ṣe jẹ́ kí ibẹ̀ dákẹ́. Mo ní ẹ ṣé. Kì í ṣe ọgbọ́n, Gbémi, n kò mọ̀ ọ́n ni. Màámi fà mí lápá: "Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí ọkọ mi sọ̀rọ̀?"

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Mọ́mì. Fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Nígbà èwe wa, bí Mọ́mì bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru, ọ̀dọ̀ wa lo máa ń sùn. Tó bá di ilé ìwé, ìwọ lo máa ń sín Bàbá mi jẹ bí wọ́n ṣe ń kì mí, tòun ti ohùn Ìsẹ́yìn yẹn, tí gbogbo kíláàsì yóò máa rẹ́rìn-ín. Mo lù ọ́ lọ́jọ́ kan, mo ní n kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ mọ́ láé. Jọ̀wọ́, má wo ti ọjọ́ yẹn. Bó bá ṣẹ́ ku ìlà kan ṣoṣo tí o rántí, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Má tún un ṣe. Bí o ṣe máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ni kí o kọ ọ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí ni,
Hidaayah,
Àwẹ̀ró, ọmọ òjò Mile 2, ọmọ...