Ẹgbẹ́ Ọmọlangidi Ti Dé Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìfaradà ìlú ńlá. Mo gbà pé àlàáfíà ni o wà, nítorí mo ti dárúkọ rẹ fún Ọlọ́run láàárọ̀ yìí kí n tó fọwọ́ kan ayùn, Ọlọ́run kì í sì í sùn. O ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Owó kò ní wọ́n ọ, ojú kò ní tì ọ́, ibi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni wọ́n á ti máa pe orúkọ rẹ. Ìyá rẹ ní kí n fi àmín ńlá sí i kí n tó tẹ̀síwájú. Àmín ńlá o.

Ilé dára. Òrùlé yàrá rẹ tó ń jò, mo ti dí i, ó kù díẹ̀ lápá ibi fèrèsé, ṣùgbọ́n a ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì ń ṣe dáadáa. Ìyá rẹ ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ kì í rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ìjà dé, ó ní ojú òun kò ṣe nǹkan kan, àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ láyé ìsinsìnyí ni wọ́n ń ṣahun ihò. Owó tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù lóṣù tó kọjá dé láìfarapa. A gbé fóònù náà sínú àpótí aṣọ, a tì í, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn, kí owó náà má baà yọ́ jáde kí n tó ráyè gbé e dé báǹkì. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbé ìpè rẹ. A ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún nínú àpótí, ìyá rẹ sì ń dá ọ lóhùn láti ìta pé a wà dáadáa, kí o má ṣèyọnu.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìpàdé rẹ ló mú mi jókòó ti bírò. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dé, mo ṣí àpótí, a sì wò ó lójú fèrèsé níbi tí nẹ́tíwọ̀kì máa ń gbà wọlé. Nígbà tí èyí tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, mo ní kí ìyá rẹ sáré lọ wé gèlè, nítorí kò bójú mu kí àwọn èèyàn ńlá bẹ́ẹ̀ máa wo orí rẹ̀ lófìfo. Ọkùnrin onígíláàsì kan juwọ́ sí wa, èmi náà juwọ́ sí i. Ìyá rẹ tún tẹ fóònù, ọkùnrin náà tún juwọ́, mo tún dá a lóhùn. Nígbà tó yá, apá ń ro mí. Bá mi kí i, ó mọ àgbà á kí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá rí ọ. Ìwọ lo dúró níwájú, tí gbogbo ojú wà lára rẹ. Ìwọ tó jẹ́ pé nígbà tí o wà ní kékeré, bí àlejò bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn pákó ni a ti máa ń wá ọ. Wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú, tìrẹ kọ́, ẹ̀yìn pákó lo ti ṣe tìrẹ. O sọ fún wa pé ìwọ lo kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí fóònù pé ẹni tó bá ń kó ọmọlangidi jọ bíi tìrẹ kó wá bá ọ ní yàrá ilé ìkàwé lọ́jọ́ Sátidé, pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ obìnrin kan péré ló wá, ẹ̀yin méjèèjì sì jókòó láàárín àga òfìfo tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, àga kò tó mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ láti ìlú mìíràn ń bọ̀ wá bá yín ṣe àpéjọ ńlá lóṣù tó ń bọ̀, ìwọ ni wọ́n sì fi ṣe olórí ètò. Ọmọ mi, kò sí ẹni tó wá ra àga tí mi ò fi fóònù náà hàn. Ẹni tó wá ra ìṣó lásán náà wò ó.

Ẹnìkan ṣoṣo tí kò yìn ọ́ ni onígbàjámọ̀ iwájú ilé wa, èyí tí a ń pè ní Ẹnu-Abẹ. Ó ti fá ìdajì orí mi nígbà tí mo yọ fóònù jáde. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ lójú àwọn oníbàárà pé káfíńtà fi gbogbo owó igi rán ọmọ lọ sílé ìwé, ọmọ sì padà sí jẹ́lé-ó-sinmi, àgbàlagbà obìnrin tó ń gbé ọmọlangidi kiri. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mo dìde pẹ̀lú ìdajì orí tí wọ́n fá, mo sì gba àárín títì lọ sílé bẹ́ẹ̀. Sísọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ fi parí èyí tó kù, kò sì dọ́gba. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Ọlọ́mọlangidi ládùúgbò, títí kan àwọn tí kò tíì mọ imú fọn. Ẹ̀gàn tèmi kò dùn mí. Tìrẹ ló dùn mí.

Mo wá rò ó pé bí wọn kò bá rí ohun tí ò ń ṣe pẹ̀lú ojú wọn, wọ́n á máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo mú pákó kan, mo fá a, mo kọ ọ́ sára rẹ̀ pé Ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Ọmọlangidi, Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà, Sátidé, ẹ mú tiyín dání. Mo gbé e síta. Ẹnu-Abẹ sọdá wá kà á, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá yọjú yàtọ̀ sí ìyàwó mi, kí n wá fi pléènì tí mo fi ń fá pákó fá orí òun.

Kí ọjọ́ náà tó pé, mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́, èyí tó wà fún ọmọlangidi tó máa lọ sí àpéjọ ńlá. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí. Ìyá rẹ wo ojú ọmọlangidi rẹ lókè orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, òun ni mo kọ. Wọ́n béèrè bí ó ṣe wà. Mo kọ ọ́ pé ara rẹ̀ le, kò wúkọ́, kì í sì í dààmú ẹnikẹ́ni. Wọ́n béèrè bóyá irun tó wà lórí rẹ̀ ni irun tó bá wáyé. Mo kọ ọ́ pé a kì í bi obìnrin ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá béèrè bóyá ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fi bírò sílẹ̀, mo lọ gbé páálí náà wá láti orí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ kí n lè wò ó dáadáa.

O ní kí n fi páálí yẹn rán dírẹ́bà sí ọ, pé òun ni wọ́n máa gbé síwájú gbogbo èèyàn ní àpéjọ, àti pé kí n má ṣí i rárá. Mo mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí ló mú ọ sọ bẹ́ẹ̀, o kò fẹ́ fún àgbà níṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọ̀rá iwájú rẹ̀, ohun tí mo rí bà mí lọ́kàn jẹ́. Wọ́n fi wáyà dè é lọ́rùn, wọ́n dè é lọ́wọ́, wọ́n dè é lẹ́sẹ̀ mọ́ páálí. Kí ló ṣe? Ta ló jí lẹ́rù kó? O kò lè mọ̀, nítorí bí o bá mọ̀, o kò ní fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹ̀mú já wáyà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. O ti sọ fún wa rí pé èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ló níye lórí jù. Ọmọ mi, ọjà ni mo ti ń tà kí wọ́n tó bí ọ. Bí mo bá kan kọ́bọ́ọ̀dù, tí mo sọ fún oníbàárà pé kó sanwó ṣùgbọ́n kó má ṣí i títí ayé, ṣé kò ní gbá mi létí?

Ìyá rẹ wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tú irun rẹ̀, ó tún un dì, ó sì rán aṣọ tuntun fún un, aṣọ tó lápò, nítorí èyí tó wọ̀ tẹ́lẹ̀ kò bo orúnkún. Èmi kan àga fún un, àga gidi tó ní apá, mo fi sánpépà ha á títí ó fi ń dán, mo kùn ún ní fáníìṣì. Páálí náà kò ṣòfò, bọ́tìnì ni ìyá rẹ ń kó sínú rẹ̀.

Sátidé pé. Mo gbá ṣọ́ọ̀bù, mo to bẹ́ǹṣì, mo gbé ọmọlangidi rẹ síwájú lórí àga rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ẹnu-Abẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń pọ́n abẹ, ó ń súfèé. Ìyá rẹ ń wo ilẹ̀. Mo rántí ìwọ àti obìnrin yẹn láàárín àga òfìfo, mo ní kí ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni òun fẹ́ rẹ́rìn-ín sí, a sì wà lórí ìjà ẹ̀rín yẹn nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìntì wọlé.

Ó gbé ọmọlangidi onírọ́bà kan dání, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ojú kan ti fọ́. Ó ní ọmọlangidi náà ni òun fi ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ, pé nígbà tí òun fẹ̀yìntì, wọ́n fẹ́ gbé e jù sí ààtàn, òun kò gbà. Ìyá rẹ gba ọmọlangidi náà, ó wò ó títí, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, pé ara rẹ̀ ni òun ti kọ́ bí òun ṣe máa di ọ́ mú kí o má baà bọ́. Ariwo ẹkún yẹn ló pe àwọn obìnrin àdúgbò, nítorí kò sí èyí tí kò wẹ ọmọlangidi náà rí nínú wọn, wọ́n sì ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Dírẹ́bà tírélà tí mo fẹ́ rán sí ọ náà wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n dúró de òun, ó lọ tú èyí kékeré tó so mọ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó ní ọmọ òun ló fún òun kí òun má baà sùn lójú ọ̀nà. Bẹ́ǹṣì kún. Àwọn kan dúró.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dùn dé góńgó, ẹnìkan yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan pamọ́ sẹ́yìn. Ẹnu-Abẹ ni. Ó mú ọwọ́ náà bọ̀ wá síwájú, orí ọmọlangidi ńlá kan ló wà níbẹ̀, orí àti ọrùn nìkan, ó pá kodoro. Ó ní orí tí ọ̀gá òun fi kọ́ òun níṣẹ́ nìyẹn, pé oníbàárà òun àkọ́kọ́ ni, òun gé e létí, kò sì pariwo. Ó ní inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ni òun ń fi í pamọ́ sí kí wọ́n má baà fi òun rẹ́rìn-ín, pé bí òun bá ti ilẹ̀kùn tán ni òun máa ń yọ ọ́ jáde. Ó wá kọjú sí mi, ó ní káfíńtà, má bínú, ọmọ rẹ láyà ju èmi lọ. Mo dìde fún un lórí àga tèmi. Kí a tó tú ká, ó mú abẹ rẹ̀ jáde, ó bá mi tún orí ṣe, ó ti dọ́gba báyìí.

Ẹ̀ka wa fẹnu kò lórí ohun kan, kí o bá wa kà á sí àpéjọ létí: kí wọ́n tú gbogbo ọmọlangidi tó wà nínú páálí sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló dá a lábàá, ó ní atẹ́gùn ṣe pàtàkì. Bí ẹnikẹ́ni bá bínú, sọ pé bàbá rẹ ló rán ọ. Ọmọlangidi rẹ ń bá dírẹ́bà tírélà bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, iwájú ló máa jókòó sí. Má dúpẹ́, iṣẹ́ òbí ni.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. A nílò pákó láti kan bẹ́ǹṣì sí i, ìyá rẹ nílò òwú, owó ọkọ̀ sì wà níbẹ̀, nítorí èmi, ìyá rẹ, nọ́ọ̀sì àti Ẹnu-Abẹ fẹ́ wá sí àpéjọ náà. Fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí òjò kò bá rọ̀, kí owó náà má baà rin lójú ọ̀nà.

Ẹnu-Abẹ bi mí léèrè bóyá wọ́n máa jẹ́ kí irú wa wọlé. Mo sọ fún un pé mo máa béèrè lọ́wọ́ olórí. Nítorí náà ni mo ṣe ń béèrè. Èmi tí mo bí ọ, mo ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ, kò sì ni mí lára, ó dùn mọ́ mi. Má fi mí síwájú, ẹ̀yìn tó mi. Mo kàn fẹ́ jókòó síbi tí màá ti lè rí ọ nígbà tí o bá dìde láti sọ̀rọ̀, kí n sì lè sọ fún ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé èmi ni mo ni ín.

Ọlọ́run tó fi ọ́ ṣe ẹni tí èèyàn ń wá jókòó tì kò ní jẹ́ kí o dá wà láéláé. Ìwọ náà á bí ọmọ tí orí rẹ á wú nítorí rẹ̀ bí orí mi ṣe wú nítorí tìrẹ.

Èmi bàbá rẹ, tó ń wá àyè lẹ́yìn.