Ohùn Mẹ́sàn-án tí Mo Yọ Nínú Béèsì

                                        Yàrá Kejì Lókè,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtajà Táìsì.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Aṣọ́lé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fún un ní ìsinmi? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé àbíkẹ́yìn ti ń sùn lórí ibùsùn tirẹ̀? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá ní ara rẹ le. Ohun tí o sọ náà nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ kúrò lórí pápá bọ́ọ̀lù, nítorí náà n ò ní gbà á gbọ́ títí màá fi rí ọ. Ara tiwa le níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ìwọ lo mú mi lọ bá wọn pé kí wọ́n kọ́ mi ní béèsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ti orin jáàsì, èyí tí ń rìn láìdúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, wákàtí kan àtààbọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun: wákàtí mọ́kànlélógún nìyẹn. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ kò lu orin kan dé òpin lójú mi rí. Wọ́n á tẹ ohùn mẹ́jọ, wọ́n á gbé gìtá fún mi pé kí n máa lù ú, àwọn ń gbọ́. Mo bèèrè owó ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí n fi owó mi sápò. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ìwọ náà mọ àwa tí ń tẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé: ẹni tó bá fún mi ní táìsì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn táìsì náà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò bóyá ó ti sán.

Bí béèsì náà ṣe rí nìyí. Orin ń lọ ní mẹ́rin mẹ́rin, bí ẹni ń ka ìṣísẹ̀. Kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan dà bí ilé, ó ní àwọn ohùn tí ń gbé inú rẹ̀. Ní oókan, wàá tẹ ìpìlẹ̀ ilé. Ní eéjì àti ẹẹ́ta, wàá rìn láàárín àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n ní ẹẹ́rin, bí a bá fẹ́ ṣí lọ sí ilé mìíràn, ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n tẹ ohùn kan tí kì í ṣe ará ilé yìí, tí kì í sì í ṣe ará ilé tí à ń lọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí kíbọ́ọ̀dù ọmọ onílé wa. Nínú orin kan ṣoṣo, ohùn méjìdínláàádọ́ta, mẹ́sàn-án jẹ́ àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè.

Mo ní ó ti yé mi. Àga wọn nínú ẹgbẹ́ tí ń lu orin ní òtẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án Sátidé ni wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n ń kọ́ mi ní ohun tó máa dójú tì mí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ọ̀gá. Ìyàwó mi ní, ọkùnrin yìí ń fún mi ní tíì, ó ń yá mi ní gìtá, èmi ń wá ihò lára rẹ̀. Mo ní kí ó máa wò.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n wá bá ẹgbẹ́ wọn ṣe ìdánrawò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo yọ àlejò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, mo fi ará ilé rọ́pò wọn. Ohun tí à ń ṣe sí táìsì tí kò bá àwòrán mu náà nìyẹn.

A ò tíì lu orin náà yí po tí màmá tó ń tẹ dùùrù fi gbé ọwọ́ kúrò.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé kí n máa fò wọlé ni? Ta ló yọ àtẹ̀gùn?"

Onílù ní bóyá mo ń tọ́jú ohùn pamọ́ de ọjọ́ ogbó. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n tẹ̀ ẹ́ bí àwọn ṣe kọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́, Aṣọ́lé, orin náà sì dìde, ó ń rìn. Ohùn mẹ́sàn-án yẹn, bí o bá dá wọn tẹ̀, wọ́n korò. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ló ń ti èèyàn wọlé.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ mu omi, ẹ̀gbọ́n rẹ bi mí ìdí tí mo fi yọ àwọn ohùn náà. N ò lè purọ́. Mo ní mo rò pé wọ́n ń dọ́gbọ́n ba tèmi jẹ́ nítorí àga wọn. Wọ́n na ọwọ́ òsì sórí tábìlì. Ìka méjì, ọmọdínrín àti èyí tó tẹ̀ lé e, kò ká mọ́. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Ẹgbẹ́ ti mọ̀, wọ́n sì ti ń wá ẹni tó máa jókòó sórí àga náà.

"Ìwọ ni mo dárúkọ fún wọn," wọ́n ní. "Mo ní ẹni tí kì í ṣi nǹkan wọ̀n ni." Wọ́n gbé fìlà wọn, wọ́n lọ.

Lánàá mo tún lọ. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n kọ́ mi fún wákàtí kan àtààbọ̀ gééré. Kò sí tíì. Wọn ò ní kí n wá sí òtẹ́ẹ̀lì ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn ò sì ní kí n má wá. Jọ̀wọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n, àbúrò wọn ni ọ́. Yorùbá ní ìfura lòògùn àgbà. Èmi ti lo oògùn náà kọjá ìwọ̀n.

Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ tí o mú mi dé ọ̀dọ̀ wọn, ìwọ lo bá wọn gbé gìtá kúrò nínú àpótí, ìwọ tí kì í bá ẹnikẹ́ni gbé nǹkan. Ṣé o mọ̀ nípa ọwọ́ yẹn? Bí o bá mọ̀, tí o sì dákẹ́, má lọ bẹ̀ wọ́n nítorí tèmi nìkan. Bẹ̀ wọ́n fún àwa méjèèjì.

Bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ìyàwó mi kí yín. Ó ti ka lẹ́tà yìí, ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀.

                                        Èmi tìrẹ tí ń retí èsì,
                                        Oníwọ̀n.