Abẹ́rẹ́ Kan Ṣoṣo fún Odessa

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹjọ, 1961

Arábìnrin Odessa Tolliver pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá. Ó ní kí n gbé àwo orin òun wá sílé òun ní Sátidé, òun fẹ́ gbọ́ ọ. Àwo búlúùsì, orin ayé tí ṣọ́ọ̀ṣì kà sí ẹ̀ṣẹ̀, kan péré ló ṣe láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣèrìbọmi, 1933, gbogbo ẹ̀dà tí ọwọ́ rẹ̀ tó ló fọ́ mọ́ òkúta létí odò, gbogbo ìjọ ń kígbe àmín. Ọ̀kan tó kù, ọwọ́ mi ló wà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn káàkiri Mississippi kí n tó rí i — wọ́n fi dé ìkòkò ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀.

Ọjọ́rú, 9

Ooru. Ó ti mú kí àwo méjì wọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá. Mo gbé ti Odessa sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tún gbé e kúrò. Arzella ìyàwó mi ní, "Ara àlè rẹ ò yá ni? Fún un lómi mu." N kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Bí mo bá lọ, ó lè fọ́ ọ. Bí n kò bá lọ — arúgbó ni, ara rẹ̀ ò le mọ́.

Mo ti pinnu. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni n ó mú dání fún ẹ̀rọ tí a fi ń lu àwo. Abẹ́rẹ́ tó bá ti kọrin lẹ́ẹ̀kan, híha ló kù tí yóò máa ha ojú àwo. Yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, n ó gbé e sá lọ. Ahun ni mí, mo mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Mo lu àwo náà fún Odessa nílé rẹ̀. Orin tán. Ó nawọ́: "Gbé e fún mi." Mo gbé e fún un. Kò fọ́ ọ. Pẹ́ńsù ló béèrè.

Ó ní òun kọ́ ló kọrin yẹn. Ohùn òun há lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀, Verlene àbúrò òun ló gba ipò òun, orúkọ òun ni wọ́n sì tẹ̀ sí i. Verlene kú kí ọdún tó yí po. "Gbogbo ayé ń yìn mí, Lucius, mo sì ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun. Ìyẹn ni mo fi fọ́ àwọn àwo náà. Kì í ṣe tìtorí Jésù."

Ó kọ VERLENE sára bébà àárín àwo náà, gàdàgbà. Ó ní, "Jẹ́ kí n tún gbọ́ ọmọ ìyá mi. O mú abẹ́rẹ́ mìíràn wá, àbí?"

Mo ní, "Rárá, mà." Ó yé e pé n kò fọkàn tán òun. Ojú tì mí.

Mo dá abẹ́rẹ́ tó ti kú náà padà sórí àwo. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ha á. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la gbọ́ ọ.